Ṣíbí Márùn-ún ní Ìlú Ìsàlẹ̀-Ewé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wọ aṣọ funfun. Ẹ fi àwọn àga yẹn sílẹ̀, ẹ wá jókòó sórí koríko níwájú mi níbí, nítorí ohùn mi kò lè ré kọjá igi odán yìí mọ́. Mátíròǹ yín ló ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa oògùn. Ó ní ẹ ti kà á nínú ìwé, ẹ ti wò ó lójú pátákó, ó ku kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ó mọ ẹni tí ó pè. Èmi Ọdẹ́níran nìyí, èmi tí mo fi ọwọ́ òsì di ẹfọ̀n níwo mú tí mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ara mi! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹfọ̀n náà ṣì wà láàyè, ẹ lọ bi í léèrè.

Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe ti agbára mi. Ti ìyàwó mi ni, ó sì tún jẹ́ ti àṣìṣe mi.

Ibidùnní ni orúkọ rẹ̀, Àṣàkẹ́ ni oríkì rẹ̀, Àṣàkẹ́ ni mo sì máa ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ní Òkè-Ayùn, ìlú wa. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúdú, ó ń dán, aago kékeré kan sì máa ń rọ̀ sí i láyà. Bí ó bá ń bọ̀ lójú pópó, gbogbo ọkùnrin tí kò lo oògùn rẹ̀ pé a máa gba ẹ̀yìnkùlé sá.

Bí mo ṣe pàdé rẹ̀ nìyí. Ibà mú mi, ó fún mi ní kíníìnì, ó ní kí n lò ó fún ọjọ́ méje. Mo ro ó nínú ara mi pé, èmi tí mo ń pa ìnàkí kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, kí ni mo fẹ́ fi ọjọ́ méje ṣe? Mo da gbogbo kóró rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ tí etí mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún ìrẹ̀ ló kó wọ inú rẹ̀, òòyì gbé mi, ojú mi ṣú. Àṣàkẹ́ jókòó tì mí fún ọjọ́ méjì, ó sì fi ọjọ́ méjèèjì bú mi. Nígbà tí mo lè jókòó, mo ní mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó wò mí títí, ó ní, “Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ tàbí kíníìnì. Lọ sílé. Tí ó bá ti kúrò lára rẹ tán, kí o padà wá sọ ohun tí o sọ.” Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dúró. Mo padà lọ, mo sọ ohun kan náà, ó sì gbà.

Ó di ọdún kẹrin tí a ti fẹ́ra, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìwin kan wọ ilé ìwòsàn. Ewé ni awọ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, ojú rẹ̀ sì wà ní àtẹ́lẹwọ́. Àwọn aláìsàn fọ́n ká bí adìyẹ. Ìwin náà kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dúró títí ó fi kàn án. Àṣàkẹ́ ní, “Ẹ káàárọ̀ o. Kí ló ń ṣe yín?”

Ìwin ní, “Kì í ṣe èmi. Ìyá ọba wa ni, ní Ìsàlẹ̀-Ewé. Ọkàn rẹ̀ ń sáré. Ó ń sáré tí ó bá jókòó, ó ń sáré tí ó bá sùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, èémí rẹ̀ kò délẹ̀ mọ́. A ti lo gbogbo ewé tó wà nínú igbó. Ọba ní kí a wá gba oògùn lọ́wọ́ rẹ.”

“Ṣé ó ń tọ̀ dáadáa? Ǹjẹ́ oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀ rí? Kí ló ti ń lò kí ẹ tó wá síbí?”

Ìwin kò mọ ọ̀kankan. Àṣàkẹ́ bá dìde, ó ní, “Mi ò lè fún ẹni tí mi ò rí ní oògùn. Mo ń bọ̀.” Ó yíjú sí mi níbi tí mo ti ń tún ilẹ̀kùn ṣe. “Ọkọ mi, ẹ mú ìbọn yín. A ń lọ sílé aláìsàn.” Ìwin náà júwe ọ̀nà fún wa, ó sì ṣíwájú lọ jíṣẹ́ fún ọba rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ nípa igbó yẹn? Igi rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, òkúta rẹ̀ ń sín. Ní ọjọ́ kejì, ìwin kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́-Mẹ́sàn-án dí ọ̀nà mọ́ wa. Ọwọ́ mẹ́sàn-án ló ní lóòótọ́, ẹ̀tù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà nínú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ń pariwo pé, “Ẹ gbà! Ó dára fún orí, ó dára fún inú, ó dára fún ìyà, ó dára fún ìfẹ́! Ẹni tí kò bá gbà kò ní kọjá!” Mo fò mọ́ ọn. Bí mo bá sọ fún yín pé mo dá a, mo purọ́. Ó sọ mí lu igi ìrókò lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kẹta ni ìrókò náà bẹ̀ ẹ́ pé ó tó.

Àṣàkẹ́ rọra sún mọ́ ọwọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, “Kí ni orúkọ ẹ̀tù yìí?”

Ọwọ́ náà kò mọ̀.

“Kí la fi ṣe é? Báwo ni èèyàn ṣe ń lò ó, mélòó ni? Ìgbà wo ni yóò bàjẹ́?”

Ọwọ́ náà ká padà bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn. Ó bi ọwọ́ kejì, ó bi ẹ̀kẹta. Kò sí èyí tó lè dáhùn nínú wọn, bí wọ́n ṣe ń ká lọ nìyẹn, títí Ọlọ́wọ́-Mẹ́sàn-án fi di kùkùté lásán sẹ́bàá ọ̀nà. Àṣàkẹ́ fi omi iyọ̀ nu ẹ̀yìn mi, ó ní, “Ohun tí kò ní orúkọ lára, mi ò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni.” Bí mo ṣe ń jẹ̀rora tó yẹn, inú mi ń dùn pé tèmi ni obìnrin yìí.

Ní ọjọ́ kẹrin a dé ìlú kan tí àwọn oògùn fúnra wọn ń gbé. Bí ẹ̀yin ṣe jókòó yìí ni wọ́n jókòó síwájú ilé wọn. Ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Dín-Ìrora kí wa dáadáa, ó ní ọ̀rẹ́ orí àti oríkèé ni òun, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi ebi gbé òun mì, òun a máa bu inú onítọ̀hún jẹ. Àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Pa-Kòkòrò di ojú rẹ̀ pọ̀. Ó ní ohun tó ń bí òun nínú ni kí wọ́n pe òun síṣẹ́ ọjọ́ méje, kí wọ́n wá lé òun lọ́jọ́ kẹta nítorí pé ara ti yá díẹ̀. “Kòkòrò tí mo bá fi sílẹ̀ láàyè,” ó ní, “yóò mọ ojú mi nígbà mìíràn, kò sì ní bẹ̀rù mi mọ́.” Àwọn méjì kan sì wà tí wọ́n mọ odi sáàárín ilé wọn. Wọ́n ní àwọn dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn bá pàdé nínú ikùn kan, ìjà ni.

Ní ìparí ìlú ni a ti bá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, Dákẹ́jẹ́ lórúkọ rẹ̀. Òun ni ó máa ń mú ọkàn tó ń sáré rọlẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó bu ara rẹ̀ sínú ìgò kékeré fún Àṣàkẹ́, ó ní:

“Nọ́ọ̀sì, gbọ́ mi dáadáa. Àárín ibi tí mo ti ń woni sàn àti ibi tí mo ti ń pani, ó tín-ínrín bí etí abẹ. Èmi kì í tètè kúrò lára. Kíndìnrín ló ń tì mí jáde, ti arúgbó sì máa ń lọ́ra, nítorí náà díẹ̀ ni kí o fún arúgbó. Kí o tó fún un, ka ìlù ọkàn rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá tó ọgọ́ta, má ṣe fún un. Bí ó bá sọ fún ọ pé gbogbo nǹkan ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lójú òun, tàbí tí oúnjẹ sú u, dá mi dúró.”

Àṣàkẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kà á padà sí Dákẹ́jẹ́ létí, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Èmi ń wo ọ̀bọ kan lórí igi ní tèmi.

Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún la dé Ìsàlẹ̀-Ewé. Ọba wọn ga tó ilé, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ ló wà lójú rẹ̀. Ó mú wa wọ inú ilé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí pé arúgbó méje ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n jọra bí ẹ̀wà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Ọ̀kan ń jẹ́ Ewéladé, òun ni ìyá ọba, èkejì ń jẹ́ Ewélọ́lá, òmíràn Ewéladùn, mi ò lè ka gbogbo rẹ̀ tán. Ọba fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ ibùsùn, òun kì í mọ èyí tó bí òun.

Mo ní ẹ jẹ́ kí n ṣe é kíá. Mo kígbe pé, “Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Ewéladé?” Àwọn méjèèje dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ẹ̀ẹ́ẹ̀n, ọmọ mi.” Etí ọ̀kan nínú wọn di, èkejì ń ṣọ̀yàyà, ẹ̀kẹta ti sùn, ó kàn ń dáhùn lójú oorun ni.

Àṣàkẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àkọ́kọ́, ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀jú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín? Ọdún wo ni wọ́n bí yín?” Arúgbó náà ní, “Ewélọ́lá ni mí. Ọdún tí òjò ewé rọ̀ ni.” Ó dúpẹ́, ó lọ sí èkejì. Ibùsùn karùn-ún ló ti gbọ́ Ewéladé, tí ọdún ìbí rẹ̀ sì bá èyí tí ọba sọ mu. Ó gba ọ̀já pupa lọ́wọ́ ọba, ó kọ orúkọ náà sí i lára, ó so ó mọ́ ìyá náà lọ́wọ́. Ó fi ìka mẹ́ta lé e lọ́rùn ọwọ́, ó wo aago àyà rẹ̀. Ó ní, “Méjìdínlógóje. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ ti sáré jù.”

Ọjọ́ méjì ni kò fi sùn. Àárọ̀ àti ọ̀sán ló ń fún Ìyá Ewéladé ní Dákẹ́jẹ́, ó ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wọn ìtọ̀ rẹ̀, ó ń kọ̀wé. Èmi kì í sí níbẹ̀, igbó ni mo máa ń lọ láti wá ohun tí a ó jẹ. Ìlù ọkàn ìyá náà wálẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún, ó wálẹ̀ sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta ó béèrè fún ẹ̀kọ. Ọba sunkún ayọ̀ níwájú gbogbo ìjòyè rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta náà ni mo wọlé tí mo bá Àṣàkẹ́ tó ti sùn lọ lórí ìjókòó, orí rẹ̀ fara ti ògiri, gègé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wò ó. Ojú rẹ̀ ti jìn. Oòrùn ti dé àtàrí, ó ti tó àkókò tí ìyá ọba ń lo oògùn. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, Ọdẹ́níran, kí lo wá ń jẹ́ ọkọ fún? Jẹ́ kí obìnrin yìí sùn. Ṣé ṣíbí ni ìwọ kò lè dì mú ni?

Ìfẹ́ ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òṣìkà nìkan ló ń ṣe àṣìṣe.

Ìwé rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwé méjì ni mo kà nílé ẹ̀kọ́, mo mọ oókà. Mo rí orúkọ Dákẹ́jẹ́, mo rí ọ̀sán, mo rí márùn-ún, mo rí ṣíbí. Ohun tí mi ò rí ni àmì tín-ín-tín kan tí ó wà níwájú márùn-ún yẹn, níbi tí ìwé ti ṣẹ́po, àmì tó sọ pé ìdajì ṣíbí ni, kì í ṣe ṣíbí márùn-ún. Àárẹ̀ ti mú un nígbà tó ń kọ ọ́, kò kọ òdo ṣáájú àmì náà: .5 ló kọ dípò 0.5.

Mo lọ bá Ìyá Ewéladé. Mo wo ọ̀já pupa, mo bi í ní orúkọ rẹ̀, mo ṣe ìyẹn dáadáa. Mo bu ṣíbí kan, mo bu èkejì. Ní ẹ̀kẹta, ìyá náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ọmọ mi, ìyàwó rẹ kì í fún mi tó báyìí o.”

Mo ní, “Ẹ gbé e mì, mà. Ó wà nínú ìwé.”

Ó gbà mí gbọ́, ó gbé márààrún mì.

Kí ni ìwọ ọmọbìnrin tó wà níwájú yẹn ń sọ? Pé ṣé mo ka ìlù ọkàn rẹ̀ kí n tó fún un? Kí ni orúkọ rẹ? Mojírádé? Mojírádé, ìwọ ló yẹ kí wọ́n mú lọ, kì í ṣe èmi. Mi ò kà á.

Ó ṣe díẹ̀, ìyá náà ní, “Ojú rẹ ń pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ògiri náà ń pọ́n. Kí ló dé tí gbogbo nǹkan ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀?” Ó bì. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i tí ìyàwó mi ń ṣe, mo ń retí kí ọkàn náà lù, ó lù, mo tún ń retí. Mo sáré padà sí ìwé, mo na ibi tó ṣẹ́po, mo sì rí àmì náà. Kò tóbi ju ojú èèrà lọ. Mo ti dojú kọ ẹkùn rí, ọmọ mi, ẹ̀rù rẹ̀ kò tó ti àmì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Ìlú náà ní òfin: ẹni tó bá ṣi oògùn fún ará ilé ọba yóò di òkìtì ọ̀gán sẹ́nu ibodè. Mo ti rí àwọn ọ̀gán náà nígbà tí a ń wọlé, wọ́n ní imú, wọ́n ní etí. Mo ro ó pé arúgbó ni, àìsàn ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bí mo bá fọ ṣíbí, tí mo dá ìwé padà, tí mo gba inú igbó lọ bí ẹni tó lọ dẹ̀gbẹ́, ta ni yóò mọ̀?

Ìyá náà na ọwọ́, ó ń wá ọwọ́ mi. Ojú ẹni tí kò fura sí mi rárá ló fi ń wò mí.

Mo lọ jí Àṣàkẹ́. Mo ní, “Àṣàkẹ́, dìde. Mo fún ìyá ní ṣíbí márùn-ún. Ìdajì lo kọ. Mi ò rí àmì náà.”

Kò pariwo. Kò bú mi, èmi tí ó máa ń bú. Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kí n tó sọ̀rọ̀ tán. “Ìgbà wo?”

“Ìgbà tí oòrùn wà láàárín òrùlé. Ní báyìí òjìji ti tó ìka kan.”

“Ṣé ó bì í jáde?”

“Ó bì lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀.”

Ó ka ìlù ọkàn. “Méjìlélógójì.” Ó yí orí ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ránṣẹ́ pe ọba, ó sì sọ fún un lójúkojú ohun tó ṣẹlẹ̀, kò fi bò. Ọba bú bí àrá, àwọn ẹ̀ṣọ́ fa ọ̀kọ̀ yọ. Àṣàkẹ́ ní, “Kábíyèsí, ẹ ó pa wá tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kí á tọ́jú ìyá yín ná. Ọkọ mi, ẹ sáré padà sọ́dọ̀ Dákẹ́jẹ́. Ẹ béèrè ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá bi yín, ẹ dá a lóhùn bó ṣe rí gan-an.”

Ìrìn odindi ọjọ́ kan la rìn láti ọ̀dọ̀ Dákẹ́jẹ́ wá síbẹ̀. Mo sáré débi pé òjìji mi bẹ̀ mí kí n dúró dè é, mo fi í sílẹ̀ lọ́nà. Mo dé ẹnu ilé Dákẹ́jẹ́, mo ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ó tọ́ka sí ilé kejì, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, obìnrin sísanra kan tí ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́. Tají ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ẹ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀.

Tají ní, “Kí ni wọ́n fún un?”

“Dákẹ́jẹ́.”

“Ẹnu ló gbà tàbí abẹ́rẹ́?”

“Ẹnu ni.”

“Ìgbà wo? Báwo ni ara rẹ̀ ṣe tóbi sí? Ọkàn rẹ̀ ń lù mélòó?” Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó gbé igbá sílẹ̀. “Ṣíbí mélòó?”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìtìjú kì í kú lẹ́ẹ̀kan. Mo ti jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi, ìyàwó mi ti sọ ọ́ lójú ọba, síbẹ̀ nígbà tí obìnrin tí mi ò mọ̀ rí yẹn tẹjú mọ́ mi, ẹnu mi gé e kúrú. Mo ní, “Méjì.”

Ó bu díẹ̀ nínú ara rẹ̀ sínú igbá, ó nà án sí mi. Mo gbà á. Mo wo ohun tó wà nínú igbá náà, mo sì rí i pé èmi ni igbá yẹn ń gbà là lọ́wọ́ ìtìjú, kì í ṣe ìyá.

Mo dá a padà. Mo ní, “Márùn-ún ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, márùn-ún ni.”

Tají kò bínú. Ó da igbá náà kún ju ìdajì lọ. Ó ní, “Iye tí ó lò ni mo fi ń wọn ara mi. Ìbá ṣe pé o gbé ti àkọ́kọ́ lọ, yóò jí, yóò kí yín, yóò sì tún sùn títí láé. Máa lọ.”

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé. Àṣàkẹ́ gba igbá, ó bi mí ní orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ní kí n sọ iye rẹ̀, ó tún pe ọba wá kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà ló fún ìyá náà mu díẹ̀díẹ̀. A jókòó. Àṣàkẹ́ ń ka ìlù ọkàn jáde kí gbogbo wa lè máa gbọ́. Méjìlélógójì. Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Nígbà tí ó pe mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ìyá náà la ojú, ó ní, “Ta ló jẹ ẹ̀kọ mi?”

Ọba rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó ní òfin ni òfin. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi. Mo ti ń rí i bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń di amọ̀.

Àṣàkẹ́ wá dúró síwájú mi. Ó ní, “Kábíyèsí, ọwọ́ rẹ̀ ló fún un, ṣùgbọ́n gègé mi ló kọ ọ́ láìfi òdo síwájú àmì. Èmi ni mo fi oògùn sílẹ̀ níbi tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè mú un, èmi ni mi ò bẹ̀ yín fún ẹni tí yóò dúró nípò mi nígbà tí oorun ń kùn mí. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀gán, méjì ni kí ẹ mọ.”

Ìyá Ewéladé bá gbé ara rẹ̀ sókè lórí ìgbọ̀nwọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, àwọn ọ̀gán tó wà lẹ́nu ibodè yẹn, mélòó nínú wọn ló wá sọ fún ọ fúnra wọn?”

Ọba ní, “Gbogbo wọn, Màmá. Àwọn tó sọ nìkan la máa ń mọ̀.”

“Àwọn tí kò sọ ńkọ́?”

Ọba gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀.

“Àwọn yẹn ṣì ń fún wa ní oògùn,” ni ìyá ọba wí. “Ọwọ́ wọn ni àbúrò rẹ kú sí. Bí o bá sọ ẹni tó sọ̀rọ̀ di ọ̀gán, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún fún mi ní ṣíbí márùn-ún, ta ni yóò jí nọ́ọ̀sì?”

Ọba jókòó. Ó ní kí wọ́n fọ́ àwọn ọ̀gán ibodè. Bí wọ́n ṣe ń fọ́ wọn ni àwọn ènìyàn ń jáde nínú wọn, wọ́n ń sín, wọ́n ń gbọn eruku dànù, wọ́n ń béèrè aya àti ọmọ wọn. Ìdùnnú ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Àṣàkẹ́ kò sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ń bínú sí mi, mo ń pa àwàdà, ó ń mi orí lásán. Ní ọjọ́ kẹta, a jókòó lẹ́bàá odò kan láti fọ ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò rí ẹkún rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.

Ó ní, “Ọkọ mi, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo fún ọkùnrin kan ní oògùn ẹni tó wà ní ibùsùn kejì. Mo pe orúkọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fún un. Kò pa á. Ó sùn ju bó ṣe yẹ lọ ni, ó sì jí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mọ́kànlá nìyí. Gbogbo ìbéèrè tí ẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu mi, ọkùnrin yẹn ni mo ń bi. Ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́ṣẹ́, ẹ wá jí mi kí omi ṣíbí tó gbẹ.”

Mo bu omi, mo wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ó kọ̀wé sí mátíròǹ tó kọ́ ọ níṣẹ́, ìyá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ojú ewé mẹ́ta ló kọ, kò fi ohunkóhun pamọ́. Oṣù kan kọjá kí èsì tó dé. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà nígbà tó já a. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: “Ibidùnní ọmọ mi, mo mọ̀ láti ọjọ́ náà, ìwé yìí ni mo ti ń retí, o kú iṣẹ́.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta ní ìdúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun, ó sì gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ, nítorí pé àwọn aláìsàn ti ń dúró.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé nìyẹn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ọwọ́ yín má gbọ̀n, kí ojú yín má ṣì, kí ẹnu yín má sì dákẹ́ lọ́jọ́ tó bá ṣì. Mojírádé, fà mí dìde.